Bí A Ṣe Ń Dá Stúdíò VFX Sílẹ̀ ní Sùúrùlérè Kí Owó Má Bàa Wọgbó

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pè mí pé àwọn fẹ́ dá stúdíò VFX sílẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àrà tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe sínú fíìmù, GPU, káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé 3090 á tó, àbí kí n tiraka dé 4090?" Èmi náà á bi wọ́n pé: níbo lo gba ilé sí? Iná ń ṣe wákàtí mélòó níbẹ̀ lójúmọ́? Hard disk mélòó lo ní nílẹ̀? Ẹlòmíì á kàn dákẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, iná, hard disk àti yàrá ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá, torí àwọn ló ń kó èèyàn yọ lọ́jọ́ tí pròdúsà bá jókòó sí àga ẹ̀yìn tó ń wo aago. GPU lè dúró.

Compositing ni iṣẹ́ mi gan-an: kí n kó àwòrán méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́wàá pọ̀, kí ojú má lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Sùúrùlérè ni mo ti ń ṣe é, òun náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta á mọ bó ṣe máa yí i sí tiẹ̀.

Àdúgbò àti ilé

Sùúrùlérè kò dédé di ibùdó oníṣẹ́ fíìmù. Láyé kásẹ́ẹ̀tì VHS, ní àwọn ọdún 1990, àyíká Winis Hotel níbí ni pròdúsà, òṣèré àti oníkámẹ́rà ti ń pàdé, tí wọ́n á dúnàá-dúrà, tí wọ́n á sì gbaṣẹ́. Ìdúmọ̀tà ni àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ gun Eko Bridge, ẹ ti débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kó lọ sí Lẹ́kkí àti Ìkẹjà báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rán aṣọ eré, ẹni tó ń kun ojú òṣèré, ẹni tó ń yáni ní kámẹ́rà àti iná ṣì pọ̀ ládùúgbò, ìyẹn sì ń dín ìrìn kù gan-an.

Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé Máìlì 2 lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023, kó sọ̀ sí National Theatre ní Ìgánmú, kó sì wọ bọ́ọ̀sì tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwà wọlé. Ọ̀kadà ni kí ẹ má fọkàn sí o. Láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí hard disk bá ní láti jáde, ẹ pe dispatch tó ní ìwé, tàbí kí ẹ rán ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ pé àyà ni wọ́n ń gbé báàgì kọ́ nínú dáńfó, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Tí ẹ bá ń wá ilé, ẹ má gba ilẹ̀ pátápátá, nítorí omíyalé. Ẹ má sì gba òkè pátápátá tí páànù wà lórí rẹ̀, nítorí ooru. Ẹ̀rọ tiyín náà á tún máa mú ooru jáde, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa jà láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Àárín ló dára. Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ọ̀dà ti wú. Ẹ tún lọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ́ àti láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ dúró sínú yàrá tí ẹ fẹ́ fi gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ máa gbọ́. Èmi kò bẹ̀rù mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ní àkókò tí èèyàn lè mọ̀, kó sì yẹra fún. Ẹ̀rọ ìlọta ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìyá tó ń lọta kò ní aago. Ìgbà tí oníbàárà bá gbé báàfù dé ni ẹ́ńjìnnì ń ké.

Ọ̀rọ̀ owó ilé: òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 kà á léèwọ̀ kí lánlọ́ọ̀dù béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island nìkan ni òfin yẹn yọ sílẹ̀, kò yọ Sùúrùlérè. Ajẹ́ńtì á ṣì béèrè ọdún méjì, á sì fi àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn lé e. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dárúkọ òfin náà, kí ẹ má bá a jà, nítorí ẹ ṣì máa nílò lánlọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fún wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀. Kó tó di pé ẹ sanwó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ lè kun ògiri, pé ẹ lè gbé sólà sórí òrùlé, àti pé míítà tiyín máa dá dúró. Ẹni tó bá ń pín míítà pẹ̀lú ilé mẹ́fà kò tíì ní stúdíò.

Iná

Ẹ bèèrè Band, ìyẹn ìpele iná, tí òpópónà náà wà. Band A ni àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Band A láti ₦68 sí ₦225 fún kilowatt-hour kan; ó ti lọ sókè-sódò díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un. Èmi ò ní sá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe réńdà (tó ń ṣírò àwòrán jáde), pẹ̀lú mọ́nítọ̀ àti router, lè máa jẹ tó 800 watt. Ní ₦225, wákàtí kan jẹ́ ₦180. Réńdà wákàtí mẹ́wàá jẹ́ ₦1,800. Ẹ lọ wo iye epo bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ máa mu fún wákàtí mẹ́wàá, ẹ̀yin náà á mọ èyí tó wọ́n.

Ṣùgbọ́n Band A kò sọ pé iná kò ní ṣẹ́jú. Ṣíṣẹ́jú yẹn ló ń pa iṣẹ́ wa. Wọ́n lè mú iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré kí wọ́n sì dá a padà. Gílóòbù yín á kàn tan padà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n réńdà tó ti dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti kú, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ sì ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ ra ínfátà tó jẹ́ pure sine wave, tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba, kì í ṣe modified. Bátìrì lithium 51.2 volt, 100Ah, jẹ́ kilowatt-hour márùn-ún àti díẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ tán, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀; ínfátà náà á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá pín èyí tó kù sí 800 watt, á gbé yín fún bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ má so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn: 1.5HP nìkan ń jẹ ju kilowatt kan lọ.

Láàárín ínfátà àti kọ̀ǹpútà, ẹ tún fi online UPS sí i, àpótí bátìrì tí kì í jẹ́ kí iná já rárá. Àwọn kan á ní ìnáwó àpà ni. Ìgbà tí ínfátà bá ń yí láti iná ìjọba sí bátìrì, àlàfo kékeré máa ń wà. Kọ̀ǹpútà kan á fara dà á, òmíì á tún ara rẹ̀ tàn. Èmi kò fẹ́ máa fi iṣẹ́ oníbàárà dán ìyẹn wò.

Ẹ́ẹ̀tì ni ohun tí oníṣẹ́ iná máa ń sáré fò. Ẹ dúró tì í. Ọ̀pá bàbà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa, níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù, torí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ kì í gbé iná lọ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá fọwọ́ kan kéèsì kọ̀ǹpútà tó sì ń rìn yín lára wìnnì-wìnnì, ẹ pe oníṣẹ́ iná padà kó tó di pé ẹ sanwó rẹ̀ tán. Jẹnẹrétọ̀, tó bá pọn dandan, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Yàrá

Yàrá tí a ti ń wo àwọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Kì í ṣe funfun, kì í ṣe búlúù, kì í ṣe pọ́pù tí wọ́n kọ orúkọ stúdíò sí lára pẹ̀lú iná LED pupa. Mo mọ̀ pé iná pupa yẹn rẹwà nínú fọ́tò. Ẹ gbé e sí yàrá àlejò. Ẹ ní kí akùnlé po dúdú díẹ̀díẹ̀ mọ́ funfun, ọ̀dà tí kì í dán, kó má fi búlúù sí i rárá. Kí ẹ tó jẹ́ kó kun gbogbo ògiri, kó kun ìwọ̀n bébà kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé káàdì eérú tí àwọn oníkámẹ́rà ń lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya á. Tí ọ̀kan bá pọ́n tàbí ó dà bí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ẹ ní kó tún un pò.

Ẹ fi kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé, nítorí oòrùn aago mẹ́jọ àti oòrùn aago márùn-ún kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ni kí ẹ fi iná kékeré sí, 6500K (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán), kí CRI rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, lé ní 90, kó máa tan sí ògiri, kó má tan sí ojú yín. Mọ́nítọ̀ fún iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti YouTube: Rec.709 (ìlànà àwọ̀), gamma 2.4 (bí òkùnkùn ṣe ń yí sí ìmọ́lẹ̀), 100 nit (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Ẹ má tan án gbòò bí tẹlifíṣọ̀n ilé oúnjẹ. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ láti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ẹ máa lò ó lóṣooṣù. Ó sàn kí ẹ ní mọ́nítọ̀ olówó kékeré tí ẹ ń tún ṣe ju olówó gọbọi tí ẹ kò fọwọ́ kàn rí. Aṣọ náà ńkọ́? Lọ́jọ́ tí mo bá ń tún àwọ̀ ṣe, dúdú tàbí eérú ni mò ń wọ̀. Ànkárá olómi ọsàn á tàn sára mọ́nítọ̀, ẹ ó sì máa yọ pupa kúrò lójú òṣèré tí kò pọ́n.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ní fóònù olówó pọ́ọ́kú kan nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn, orí YouTube, lórí fóònù ni wọ́n ti ń wo fíìmù Yorùbá báyìí. Ẹ gbé ìran òru sórí fóònù yẹn, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ààbọ̀, kí ẹ wò ó. Tí ẹ kò bá rí ojú òṣèré, ìyá tó ń wò ó nínú ọjà náà kò ní rí i.

Nípa ariwo: páálí ẹyin kì í dá ariwo dúró, ẹnì kan ló kàn tan wa jẹ. Ó fúyẹ́ jù. Ohun tó wúwo tó sì nípọn ló ń gba ohùn mu: rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) nínú férémù igi, kí ẹ fi aṣọ bò ó, kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, kọ́tìnì tó nípọn. Àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn ni ariwo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbà wọlé, ẹ dí i.

Computer Village

Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà, náà la ṣì ń lọ, ní Ìkẹjà: Ọ̀tìgbà, Pepple àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká. Láti Yábàá, Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024 á gbé yín dé Ìkẹjà láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó bá dì yín lọ́wọ́ mú lójú títì pé "Brother, wetin you dey find?" kì í ṣe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, owó tirẹ̀ ti wà lórí ọjà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ máa lọ.

Nísinsìnyí, ìdáhùn ìbéèrè GPU. 3090 àti 4090, 24GB ni VRAM (ìrántí inú káàdì) àwọn méjèèjì. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, VRAM ló ń sọ bóyá ìran náà á wọlé sínú káàdì tàbí kò ní wọlé; eré sísá ló kù. 4090 yá jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n 450 watt ni wọ́n kọ sí i lára, 3090 sì jẹ́ 350. Ẹ padà lọ wo bátìrì tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Fún stúdíò tó ń bẹ̀rẹ̀, 3090 tòkunbọ̀ ni èmi máa rà, kí n fi owó tó kù kún hard disk.

Tòkunbọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì wọ̀nyí ti fi ọdún kan tàbí méjì ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin (crypto). Ẹ má rà á nínú páálí. Ẹ ní kí wọ́n kì í sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kí wọ́n tan FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ ṣí HWiNFO, tó ń fi ooru hàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wo ooru VRAM, kì í ṣe ooru GPU nìkan. Ẹ tẹ́tí sí fáànù. Tí ọlọ́jà bá ní kò sí iná láti dán an wò, ọjà náà kò sí fún títà nìyẹn.

Hard disk àti flash ni jìbìtì pọ̀ sí jù. Wọ́n á kọ 2TB sí i, kọ̀ǹpútà yín náà á ka 2TB, bẹ́ẹ̀ 64GB ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ti kún, fáìlì tuntun á máa gun orí fáìlì àtijọ́. H2testw wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Windows, f3 wà fún Linux àti Mac: wọ́n á kọ nǹkan kún un látòkè délẹ̀, wọ́n á sì tún un kà. Ó máa ń pẹ́. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà hard disk wà lára rẹ̀, kí ẹ dán an wò nílé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

Ìdí tí hard disk fi ń dà mí láàmú nìyí. Fáìlì tí a fi ń ṣe compositing ni EXR, tí ILM, ilé iṣẹ́ VFX ní Amẹ́ríkà, gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2003. Àwòrán kan ṣoṣo ní 3840 lọ́nà 2160, bí kò bá sí ìfúnpọ̀, jẹ́ bíi 50MB. Mẹ́rìnlélógún nínú rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan: 1.2GB. Ìran ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá jẹ́ 12GB, a ó sì ṣe é ní ẹ̀yà mẹ́fà kí olùdarí tó sọ pé "Ó ti dáa báyìí." Ìfúnpọ̀ á dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣirò yẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ra nǹkan. NVMe 2TB, irú èyí tó yá jù, fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, hard disk ńláńlá fún èyí tó ti parí.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni ti gbogbo ohun tí kámẹ́rà yà: méjì lórí hard disk ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú stúdíò, ìkẹta nínú ilé mìíràn. Tèmi wà ní ilé àbúrò mi ní Ìkòròdú, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kàn rò pé ẹrù ni. Kí ẹ má kàn fa fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn. DaVinci Resolve, ètò tí a fi ń gé fíìmù tí a sì fi ń tún àwọ̀ ṣe, ní ohun tó ń jẹ́ Clone Tool, ó wà nínú ti ọ̀fẹ́ náà. Á ṣe ẹ̀dà, á sì yẹ̀ ẹ́ wò ní bit kọ̀ọ̀kan bóyá ó bá ti àkọ́kọ́ mu. Títí ìyẹn fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu káàdì kámẹ́rà, ì báà jẹ́ pé olùdarí ń pariwo lórí lòkéṣọ̀n.

Íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó láti fi gba ẹrù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ní ilé iṣẹ́ méjì tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bèèrè wáyà abẹ́ òkun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Tó bá jẹ́ ọ̀kan náà, orúkọ lásán ló yàtọ̀.

Eruku ni mo fẹ́ fi kádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa fẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìka kan di fáànù mú kí ẹ tó gbé atẹ́gùn sí i. Bí ẹ bá jẹ́ kó yí fúnra rẹ̀, ó lè sáré ju agbára rẹ̀ lọ, bíárìn á sì bàjẹ́.

Àwọn ètò tí a ń lò

Ẹ má lo crack, ètò olówó tí wọ́n já títì rẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù. Ohun tó wà nínú crack yẹn lè ti gbogbo fáìlì yín pa, kó sì béèrè owó kó tó ṣí wọn. Kò sì pọn dandan mọ́. Blender ọ̀fẹ́ ni látòkè délẹ̀, ó ń ṣe 3D, ó sì ń tọpa kámẹ́rà. Resolve ti ọ̀fẹ́ ń jáde dé 3840 lọ́nà 2160, Fusion sì wà nínú rẹ̀ fún compositing. Èyí tí a ń rà, tó ń jẹ́ Studio, jẹ́ 295 dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sanwó. Nuke ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò fún compositing; ó ní ti kíkọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kì í jáde ju 1920 lọ́nà 1080, tí wọn ò sì gbà kí ẹ fi pawó. Ẹ fi ìyẹn kọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan hàn yín bó ṣe ń lọ, èyí tó ń bá wa jùlọ. Fíìmù ayé àtijọ́ ni, drone ń fò bọ̀ lórí abúlé. Ọba ń jáde. Lẹ́yìn ààfin, òpó NẸ́PÀ kan dúró gbọnin-gbọnin, wáyà mẹ́ta lórí rẹ̀, ewé igi máńgòrò sì ń fẹ́ lẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ mú bọ́rọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa pa òpó rẹ́ ní fíréèmù (àwòrán) kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá ní kó máa lọ, ibẹ̀ á máa hó bí omi inú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọpa ìrìn kámẹ́rà. Ẹ wá mú fíréèmù kan ṣoṣo tí òpó náà ti hàn kedere jù, kí ẹ fi ojú ọ̀run àti òrùlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun ibẹ̀ títí òpó á fi pòórá, kí ẹ sì lẹ àwòrán mímọ́ yìí mọ́ ìtọpa, kó máa bá kámẹ́rà rìn. Ewé máńgòrò ló kù: ẹ gé e jáde nínú àwòrán àtilẹ̀wá, kí ẹ dá a padà síwájú. Ẹ má fi ọwọ́ gé ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, ewé ṣókùnkùn, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn á gé e fún yín. Ohun tó kẹ́yìn ni wínníwínní kámẹ́rà, tí a ń pè ní grain. Ibi tí ẹ kùn dán jù, kò ní grain. Ẹ wọn ti àwòrán àtilẹ̀wá, kí ẹ fi irú rẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí èèyàn ń wò tó ń sọ pé "ó rí bákan," grain ni wọ́n gbàgbé.

Orúkọ fáìlì: ẹ má fi àlàfo sí i, ẹ má fi àmì ohùn sí i. Orúkọ iṣẹ́, ìran, shot (ìyàwòrán kan nínú ìran), ẹ̀yà: oba_sc012_sh040_comp_v003. Fíréèmù àkọ́kọ́ jẹ́ 1001, kì í ṣe 0001, kí àyè lè wà bí olùdarí bá ní ká fi fíréèmù mẹ́jọ kún iwájú. Ẹ má pe fáìlì kankan ní "final." Kì í ṣe final.

Kí wọ́n tó lọ yàwòrán

Ẹ bẹ pròdúsà kó jẹ́ kí ẹ lọ sí lòkéṣọ̀n, ó kéré tán lọ́jọ́ green screen, aṣọ aláwọ̀ ewé ẹ̀yìn òṣèré tí a ó yọ, tí a ó sì fi àwòrán mìíràn dípò. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó dára wà ní Balógun. Èyí tí kò dán ni kí ẹ rà, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó tó dé ibẹ̀. Òṣèré gbọ́dọ̀ jìnnà sí aṣọ náà tó mítà méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọ̀ ewé má bàa tàn sí i léjìká. Aṣọ ọba àti olorì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Aṣọ òkè tó ní òwú dídán àti gèlè tó ń kọ mànà máa ń fa àwọ̀ ewé mọ́ra. Bí ẹ bá yọ àwọ̀ ewé, ihò á yọ sí gèlè. Fún ìran bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n lo aṣọ búlúù, bí búlúù kò bá sí lára ohun tí wọ́n wọ̀.

Ẹ bá oníkámẹ́rà sọ̀rọ̀ nípa iná. Iná Nàìjíríà jẹ́ 50Hz. Bó bá ń ya 25 fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó lo shutter (ìwọ̀n àkókò tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ kámẹ́rà) 1/50, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ń ya 24 fún sinimá, kó gbé shutter sí 172.8 degree, 1/50 kan náà nìyẹn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gílóòbù inú ilé á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán, owó tí wọ́n á fi bẹ̀ yín láti yọ ọ́ á sì pọ̀ ju owó green screen lọ. Kó kọ lẹ́ǹsì tó lò sílẹ̀ fún shot kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú.

Owó àti ìfiṣẹ́lọ́wọ́

Ìdajì owó kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú owó náà. Ìkẹta ní iye tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ fi àmì sí ojú àwòrán tí ẹ bá ń fi hàn wọ́n títí owó á fi pé. Kò sí ìbínú ńbẹ̀. Àwọn pròdúsà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i.

Bí ẹ̀yin lẹ bá tún ń ṣe àkọlé fíìmù, ẹ yẹ lẹ́tà wò. Ẹ̀ àti ọ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ ni, wọ́n wá gbé ohùn lé e lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì sì máa ń gbé ohùn náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Noto Sans àti Noto Serif ń gbé e dáadáa. Ẹ tẹ orúkọ òṣèré tí àmì pọ̀ sí lára jù sínú fọ́ǹtì tí ayàwòrán yín yàn, kí ẹ wò ó ní gbàǹgbà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí fíìmù náà bá ń lọ sí sinimá, ẹ gbé DCP rẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ̀rọ sinimá ń lò, lọ sínú gbọ̀ngàn náà gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ àti àwọn orúkọ tó wà ní ìparí, kí ẹ tó kọ ìwé owó tó kù.